Ìjókòó Ìtọ́jú Yàtọ̀ sí Wáàsí



Ìwádìí tí àjọ UNODC gbé jáde ní 2019 sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà ló mu igbó tàbí lo oògùn nílòkulò láàárín ọdún kan. Nítorí náà, ó dára bí mọ́sálásí bá ń kó àwọn tí nǹkan wọ̀nyí ti di bárakú fún jọ fún ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe darí ìjókòó náà ni yóò ṣe wúlò.

Wáàsí ní àyè tirẹ̀. Ẹni tó wá síbi ìtọ́jú ti mọ̀ pé haraamu ni. Ibi tó ti lè sọ̀rọ̀ láìgba èébú ni kò rí. Bí aáfà bá fi gbogbo wákàtí sọ̀rọ̀, wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á sì tún padà sídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà darí. Kí wọ́n má ju méjìlá lọ, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ẹnì kan á fẹ́ dá gbogbo ọ̀rọ̀ sọ, òmíràn kò ní lanu, ẹ̀kẹta á máa fi iye tó ń lò ṣe fáàrí. Kí olùdarí fi pẹ̀lẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ti àkọ́kọ́, kó fún èkejì láyè láìfipá mú un, kó sì tètè dá ẹ̀kẹta lẹ́kun, nítorí ìròyìn adùn oògùn a máa fa ọkàn ẹni tó ń gbìyànjú láti fi í sílẹ̀.

Àṣírí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹyin lọ̀rọ̀. Ohun tí ọmọ sọ lálẹ́ Àlàmísì kò gbọdọ̀ dé Àsálátù ọjọ́ Àìkú. Súrátù Hujurààt, áyà 12, kọ títọpinpin ara ẹni àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Àyàfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, kí olùdarí sì ti sọ èyí fún wọn lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ẹ̀yin òbí, ẹ má bèèrè pé, "Kí lọmọ mi sọ?" Ẹ bèèrè ohun tí ẹ lè ṣe nílé.

Gẹ́gẹ́ bí apòògùn, mo tún rọ̀ yín: ìmọ̀ràn kò rọ́pò dókítà. Ẹni tó ti ń lo diazepam lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Gìrì lè mú un. Ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka fún ìtọ́jú bárakú oògùn.

Kí Ọlọ́hun bo àṣírí wa, kí Ó wo àwọn ọmọ wa sàn. Àmín.