Ọ̀pá Eré Kì í Ṣe Ìranù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà ìlú wa fẹ́ràn láti máa sọ sí ọmọdé, tí etí mi kò fẹ́ gbọ́ mọ́: 'Ìranù lò ń ṣe.' Bí ọmọ bá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tó ń gbá gẹ́ẹ̀mù, wọn a ní ìranù ni. N kò bá wọn jiyàn púpọ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan náà bá tú ohun tó fi ń gbá gẹ́ẹ̀mù palẹ̀, tó yẹ inú rẹ̀ wò, tó sì fi pákó, súìṣì àti wáyà ṣe òmíràn tó lágbára ju ti inú ọjà lọ, wọn a tún ní ìranù náà ni. Ibi tí mo ti bá wọn yapa nìyí, mo sì bẹ ẹ̀yin òǹkàwé mi kí ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Ta ni ó gbẹ́ ọpọ́n ayò tí àwọn bàbá wa fi ń gbafẹ́ lábẹ́ igi? Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ihò 12 ní ń bẹ lójú ọpọ́n náà, 6 níhìn-ín, 6 lọ́hùn-ún. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ 48. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ní láti mọ bí ihò yóò ti jìn tó, kí ọwọ́ lè kó ọmọ ayò inú rẹ̀ wéré láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi èékánná họ ọ́. Ohun eré ni. Síbẹ̀ a kò pe ẹni tó gbẹ́ ẹ ní onírànù. Oníṣọ̀nà ni a pè é, àwọn òyìnbó sì kó irú iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń bú ọ̀pá eré kò tíì rí inú rẹ̀ rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Páàdì olówó pọ́ọ́kú tí a ń rà ní ọjà, rọ́bà ni ó wà lábẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀, èédú díẹ̀ sì wà ní ìdí rọ́bà náà. Bí ìka bá tẹ bọ́tìnnì, èédú yìí yóò so ojú ọ̀nà iná méjì pọ̀ lára pátákó tó wà nínú páàdì, iná yóò kọjá, ẹ̀rọ yóò sì mọ̀ pé a tẹ̀ ẹ́. Ní ilé gẹ́ẹ̀mù, níbi tí ọmọ tí kò níye ti ń tẹ páàdì kan ṣoṣo láti òwúrọ̀ di alẹ́, èédú náà kì í pẹ́ jẹ tán. Wọn a sọ páàdì sí ààtàn. Bẹ́ẹ̀ ni pátákó inú rẹ̀ kò kú. Rọ́bà ló kú.

Ọmọkùnrin kan tí mo mọ̀ ní Ìkàrẹ́ ṣa irú páàdì bẹ́ẹ̀ lórí ààtàn. Ó lọ bá àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àkùngbá, níbi tí yunifásítì wà, ó tọrọ máòsì tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lábẹ́ bọ́tìnnì máòsì kọ̀ọ̀kan ni súìṣì kékeré kan wà tó máa ń dún kẹ́ẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Mẹ́jọ ni ó nílò: mẹ́rin fún òkè, ilẹ̀, ọ̀tún àti òsì; mẹ́rin yòókù fún bọ́tìnnì. Káfíńtà kan ní Ọ̀kà fún un ní pákó tó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ ilẹ̀kùn. Ìdè irin gígùn kan ni ó fi ṣe ọ̀pá, sípíríǹgì ara ọ̀kadà ni ó sì ń dá ọ̀pá náà padà sí àárín bí ọwọ́ bá fi í sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó gé ihò àárín. Èyí àkọ́kọ́ tóbi jù, ọ̀pá ń fì kiri bí orí ọ̀mùtí. Èkejì ṣe roboto, ó sì há. Ọ̀pá kò lè tẹ súìṣì méjì papọ̀, bẹ́ẹ̀ súìṣì méjì papọ̀ ni í mú ènìyàn inú gẹ́ẹ̀mù rìn ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́. Ìgbà kẹta ni ó gé e ní onígun mẹ́rin, ọ̀pá bá ń ráyè wọ igun. Ta ló kọ́ ọ? Kò sí. Àṣìṣe pákó méjì ló kọ́ ọ. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ó so ẹsẹ̀ kan lára gbogbo súìṣì pọ̀ sójú kan, ó fa ẹsẹ̀ kejì kọ̀ọ̀kan lọ sí ààyè tirẹ̀ lára pátákó páàdì, ó sì fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ẹ́. Iná ìjọba kò sí lọ́jọ́ náà. Nínú iná èédú ni ó ti yan irin tó fi yọ́ lẹ́ẹ̀dì.

Ó gbé e lọ sí ilé-ìwé rẹ̀ kí olùkọ́ lè rí i. Olùkọ́ náà gbà á, ó la àpótí mọ́lẹ̀, ó sì na ọmọ náà níwájú kíláàsì. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ rán gbogbo wa létí pé ní 1982 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4, nítorí kí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan. Wọ́n fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kún ti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n sì ra ẹ̀rọ olówó ńlá láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, a kò ṣí àpótí tí ẹ̀rọ náà bá dé títí ìpẹtà fi jẹ ẹ́: kò sí iná, kò sí yàrá iṣẹ́, kò sí olùkọ́. Ọmọ tí kò rí ẹ̀rọ ìjọba lò wá fi ààtàn ṣe iṣẹ́ tí ìwé ìjọba ní kó ṣe, pàṣán la fi san án fún un.

Ẹ óò ní ohun òyìnbó ni. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ralph Baer, ọmọ Júù tí ìdílé rẹ̀ sá kúrò ní Jámánì ní 1938, iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni ó kọ́. 1940 ni ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ní 1966 ni ó jókòó ro bí ènìyàn ṣe lè bá tẹlifíṣọ̀n ṣeré, ní 1972 ilé-iṣẹ́ Magnavox sì gbé ẹ̀rọ Odyssey, èso ìrònú rẹ̀, wá sí ọjà. (Àpótí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi dán an wò ṣáájú, ọ̀rá tó ní àwọ̀ pákó ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ti ọmọ Ìkàrẹ́, pákó gidi ni.) Jerry Lawson ńkọ́, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tí a bí ní Brooklyn ní 1940? Tẹlifíṣọ̀n ni ó ń tún ṣe kiri ní èwe rẹ̀. Inú gáréèjì ilé rẹ̀ ni ó sì ti ṣe ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù tí a ń ki owó bọ̀. Ní 1976, òun ni olórí nínú iṣẹ́ Channel F ti ilé-iṣẹ́ Fairchild, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí a lè yọ eré kan kúrò nínú rẹ̀ kí a sì ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ọmọ atúnnǹkanṣe ni àwọn méjèèjì. Ààrin Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà, irú wọn kò wọ́n lábẹ́ búkà.

N kò sọ pé kí ẹ máa yin ilé gẹ́ẹ̀mù. Mo ti rí èyí tí ọmọ fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀ lákòókò ilé-ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ ti irú rẹ̀ pa, kí ó pè mí. N óò bá a wá kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí a nà. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ kọ́. Ẹni kan ṣoṣo tó dìde kúrò láàárín wọn lọ sí ìsọ̀ káfíńtà ni.

Ọ̀kadà ni ó ń gùn báyìí. Mo bi í ní ọjọ́ kan bóyá ó tún ń ṣe nǹkan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Bàbá, mo ti jáwọ́ nínú ìranù.'

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé Àkókó, tábìlì kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ, ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ọ́, àti atúnrédíòṣe kan tí ẹ óò fún ní owó ọkọ̀. Wáyà kò wọ́n. Páàdì tó ti kú wà lórí ààtàn. Ní ti pákó, mo ti bá káfíńtà Ọ̀kà sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó bá ti ilé-ìwé wá, òun kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.