Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ìdíkọ̀ Bí Ìyá Alákàrà Bá Lọ?

Ọ̀rọ̀ ìyá alákàrà kan ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ìdíkọ̀ tí mo ti ń sọ̀ lálaalẹ́ ní Èkó níbí ló ti ń dín àkàrà. Oníbúrẹ́dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, onísúyà wà lápá ìsàlẹ̀. Àtùpà wọn ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo ibẹ̀, torí iná ìjọba, ẹ̀yin náà ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n. Bí mo bá pẹ́ dé, màmá á ní, "Akọ̀wé, ilẹ̀ ti ṣú o, ṣé kò sí?" Ó mọ ará àdúgbò, ó mọ àlejò. Ẹni tó bá dúró láìra nǹkan, ojú màmá á wà lára onítọ̀hún.

Àfi lọ́jọ́ kan tí àwọn agbófinró dé. Wọ́n gba agbada, wọ́n da òróró sílẹ̀, wọ́n ní ó ń dí títì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí olè já báàgì mi gbà níbẹ̀. Mo pariwo títí, ta ni yóò gbọ́? Òkùnkùn biribiri!

Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni pàtẹ sáàárín títì o. Ẹni tó mọ Òṣòdì kí ìjọba Fáṣọlá tó kó àwọn ọlọ́jà kúrò lójú títì ní January 2009, ó mọ ohun tí ojú ọlọ́kọ̀ rí. Ní June 2016 náà, ọkọ̀ pa ọmọkùnrin kan tó ń kiri ọjà ní Maryland. Lẹ́yìn ìyẹn ni Gómìnà Ambode ní òfin 2003 yóò mú àtẹni tó ń tà àtẹni tó ń rà: ₦90,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Háà! Ẹni tó ní ₦90,000 lọ́wọ́ nígbà náà, ṣé omi tútù ni yóò máa kiri nínú oòrùn?

Wọ́n á ní kí wọ́n lọ sínú ọjà. Ọjà wo? Níwájú ààfin Déjì ni Ọjà Ọba Àkúrẹ́ wà, níbi tí ẹsẹ̀ pọ̀ sí. Tiwa wá di ṣọ́ọ̀bù olówó gọbọi tí alákàrà ò lè sún mọ́. Kí ló dé tí a ò lè fa ìlà sẹ́yìn gọ́tà fún wọn, kí wọ́n san owó ráńpẹ́, kí wọ́n sì gbálẹ̀ kí wọ́n tó lọ?

Mo rí màmá lọ́jọ́ Sátidé ní ìsọ̀ tó háyà nínú ọjà kan. Àkàrà ti tutù. Ó ní, "Akọ̀wé, ta ló ń kọjá níbí?" Mo ra ti ₦500. Títí mo fi jẹ ẹ́ tán, ẹnì kankan ò yà.