Ta Ló Yẹ Kó Jẹ́ Ádímìnì?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp tó ju mẹ́rin lọ: ti ẹbí, ti àdúgbò, ti ìjọ, ti àwọn tí a jọ lọ sílé-ìwé. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ń bẹ tí a ń pè ní ádímìnì. Kí ló ń sọ ènìyàn di ádímìnì rere? Ǹjẹ́ ó tilẹ̀ ṣeé kọ́?

Apá kan nínú iṣẹ́ náà rọrùn. Láti ọdún 2022 ni WhatsApp ti fún ádímìnì lágbára láti pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rẹ́ lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ó tún lè ti ẹgbẹ́ pa, kí ó jẹ́ pé òun nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó mọ fóònù lò yóò kọ́ èyí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbà tó yẹ kí a lo agbára náà ni ó ṣòro láti mọ̀.

Ẹ rántí alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí ìbúgbàmù ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà, tí ẹ̀mí ṣòfò, tí ilé sì mì ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Ìbàdàn. Kí Gómìnà Ṣèyí Mákindé tó kéde pé ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé kan ló fà á, àhesọ ti gbòde.

Ọmọbìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ ni ádímìnì ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Kò ti ẹgbẹ́ pa, nítorí àwọn tó ń wá ènìyàn wọn wà níbẹ̀. Ó kọ̀wé pé: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kó má sọ ohun tó fà á. Ẹni tó ń wá ẹbí rẹ̀, tàbí tó mọ ibi tí wọ́n ti nílò ìrànlọ́wọ́, ni kó sọ̀rọ̀.” Ó pa àwọn àhesọ rẹ́, ó sì bẹ àwọn tó fi wọ́n ránṣẹ́ ní kọ̀rọ̀. Kò dójú ti ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọgbọ́n yìí, ó ní bàbá àgbà òun ni mógàjí ilé wọn. Nígbà tó wà lọ́mọdé, òun ló máa ń gbé omi fún àwọn tó wá rojọ́. Ó rí i pé bàbá kì í dá ẹjọ́ kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Irú ìparí ìjà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré ní ìlú yìí. Ní ọdún 1995, Isaac Olawale Albert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe odidi ìwé kan lórí bí a ṣe ń parí ìjà lẹ́yìn ilé-ẹjọ́ ní Ìbàdàn.

Ìdáhùn mi nìyí: ó ṣeé kọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ádímìnì méjì, kí èyí tuntun máa wo ọwọ́ èyí tó ti pẹ́ fún oṣù díẹ̀ kó tó yọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sì ń kánjú àtiyọ ènìyàn, ẹ má tíì fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́.