Ojú Lásán Kò Tó Wọn Òpó Ọkọ̀

Ẹni tó bá lọ sí Yunifásítì Wisconsin ní Madison, ní Amẹ́ríkà, nígbà òtútù, yóò rí i pé adágún Mendota tó wà lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ náà a máa dì gbagidi. Orí yìnyín yìí ni àwọn ènìyàn ti ń fi ọkọ̀ onígbòkun sáré. Ọkọ̀ náà kò ní ẹ́ńjìnnì. Abẹ irin mẹ́ta ló fi ń yọ̀ lọ, afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé e. Síbẹ̀, ó lè sáré ju afẹ́fẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni DN, tí a kọ́kọ́ kàn ní Detroit ní 1937. Òpó rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 16. Okùn wáyà mẹ́ta ló dì í mú: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òpó yìí kì í dúró ṣánṣán. Ńṣe ló máa ń rọ̀gbọ̀kú sẹ́yìn díẹ̀. Bí ó ṣe yẹ kí ó rọ̀gbọ̀kú tó ni àríyànjiyàn wà lé lórí.

Àwọn kan ní ojú àti ọwọ́ ti tó, pé ẹni tó mọ ọkọ̀ rẹ̀ kò nílò ìwọ̀n. Èmi kò gbà. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Bí òpó náà bá yẹ̀ sẹ́yìn ní dígírì 1 péré, ṣóńṣó rẹ̀ yóò sún ju ínǹṣì 3 lọ. Ta ló lè fi ojú lásán rí dígírì 1? Bí òpó bá sì rọ̀gbọ̀kú jù, igi ìsàlẹ̀ ìgbòkun yóò wálẹ̀, àwọn púlì tí okùn ń gbà kọjá yóò sì kanra wọn kí awakọ̀ tó fa okùn náà dé ibi tó yẹ. Yóò wá máa bú afẹ́fẹ́, nígbà tí ẹ̀bi wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

Wíwọ̀n ọ́n kò le. Kí a kọ́kọ́ rí i pé ara ọkọ̀ tẹ́jú, bí bíríkìlà ti í fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wo ògiri. Kí a so téèpù mọ́ okùn tí a fi ń fa ìgbòkun sókè, kí a fà á dé òkè òpó, kí a sì wọ̀n ọ́n wá sí ìdí ọkọ̀. Bí òpó bá ṣe rọ̀gbọ̀kú tó ni iye náà yóò ṣe dín kù tó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó rọ̀gbọ̀kú sí i, kí ó mú okùn iwájú gùn, kí ó sì fún ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì le, kí wọ́n má baà dẹ̀.

Òótọ́ ni pé àgbà awakọ̀ a máa fi ara mọ ibi tó yẹ. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò ṣeé yá ọmọdé lò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Kí àgbà wọn òpó tirẹ̀, kí ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú bí afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà ti rí. Nígbà náà ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò rí ibi bẹ̀rẹ̀.