Omi Tó Ro Ló Ń Mú Yógọ́ọ̀tì Ki

Yógọ́ọ̀tì tí à ń rà lójú pópó ti wọ́n gógó, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ṣàn bí omi, ṣúgà inú rẹ̀ sì pọ̀. Àwọn mìíràn a máa da sítáàṣì sí i kí ó lè ki. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń da ògì sínú àpò, tí wọ́n á gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro, ti mọ àṣírí yógọ́ọ̀tì tó ki. Omi tó kúrò nínú rẹ̀ ló ń mú un ki, kì í ṣe ohun tí a fi kún un.

Ẹ po wàrà lẹ́búlẹ́bú gíráàmù 150 mọ́ omi lítà 1. Ẹ gbé e ka iná kékeré, kí ẹ máa rò ó kí ó má baà jóná. Bí ó bá ti ń rú èéfín, tí ìfófòó kéékèèké sì yọ létí ìkòkò, ó ti tó nǹkan bí 85°C. Ẹ sọ̀ ọ́ kó tó hó. Ooru yìí ló ń jẹ́ kí purotéènì inú wàrà so mọ́ra dáadáa nígbà tó bá ń dì.

Ẹ jẹ́ kó tutù sí nǹkan bí 43°C. Bí ẹ bá ti ìka tó mọ́ bọ̀ ọ́, ẹ ó lè ka ení títí dé ẹ̀wá kí ẹ tó fà á yọ. Ẹ wá po yógọ́ọ̀tì ṣíbí ìjẹun 2 mọ́ ọn, èyí tí kò ní ṣúgà, tí wọ́n sì kọ sí ara ike rẹ̀ pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ṣì wà láàyè. Àwọn ni òṣìṣẹ́ wa. Stamen Grigorov, ọmọ ilẹ̀ Bùlùgéríà, ló ṣàwárí ọ̀kan nínú wọn ní 1905. Ooru àpọ̀jù a máa pa wọ́n, òtútù a sì máa dá iṣẹ́ wọn dúró.

Ẹ dé e, ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e, kí ẹ sì gbé e sínú kúlà pẹ̀lú ìgò omi gbígbóná fún wákàtí 8. Kò sí ohun tó kan iná mọ̀nàmọ́ná níbẹ̀.

Nígbà tó bá dì, ẹ yọ ṣíbí 2 sọ́tọ̀ sínú fíríìjì fún èyí tí ẹ ó ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ da ìyókù sínú aṣọ funfun tí ẹ ti sè nínú omi, ẹ tẹ́ ẹ lé asẹ́, kí ó wà nínú fíríìjì fún wákàtí 3. Nǹkan bí ìdajì ni yóò kù, yóò sì dúró lórí ṣíbí. Ẹ má da omi rẹ̀ nù, bí a kì í ti í da omidùn nù; ẹ lè fi po ìyẹ̀fun búrẹ́dì.

Wàrà lásán máa ń da inú bàbá mi rú, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ èyí láìsí wàhálà, nítorí àwọn kòkòrò náà ti jẹ nínú ṣúgà wàrà kó tó dé ẹnu wọn. Ìdí nìyí tí ìkòkò wàrà fi ń gorí iná nílé wa ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.