Ọkọ̀ Tó Dúró Kì Í Pawó: Kí Owó Ọ̀sẹ̀ Dúró Pẹ̀lú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, ṣùgbọ́n ó kan àpò gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń gbé fún wa ní àsandíẹ̀díẹ̀ ni, èyí tí a ń pè ní háyà-pọ́ṣéèsì, àti ìwé wáráńtì tí wọ́n ń fi lé wa lọ́wọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Wáráńtì kò ṣòro láti túmọ̀. Ẹni tó ta ọkọ̀ ṣe ìlérí pé bí nǹkan kan tó ní àléébù láti iléeṣẹ́ bá bàjẹ́ láàrin àkókò tí a jọ fẹnu kò sí, òun yóò tún un ṣe, òun kò sì ní gba owó páàtì tàbí owó iṣẹ́. Ìlérí dáadáa ni. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ iléeṣẹ́ mọ ìdí tó fi yẹ kó wà. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn àti ẹ̀rọ bá jọ ṣe, bó ti wù kí a ṣọ́ra tó, ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ lè ní àléébù. Kò yẹ kí a di ẹrù yẹn ru ẹni tó de nọ́ọ̀tì, kò sì yẹ kí a dì í ru ẹni tó ra ọkọ̀. Ẹni tó jèrè lórí ọjà náà ló yẹ kó ru àléébù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìlérí yìí kò mẹ́nu bà. Láìpẹ́ yìí ni ẹjọ́ kan dé iwájú ẹ̀ka wa. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan gba bọ́ọ̀sì kékeré ní àsandíẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹrin, jíà rẹ̀ kọ̀, kò wọlé mọ́. Ó gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn tó tà á, wọn kò sì bá a jiyàn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ wáráńtì ni, kó fọkàn balẹ̀. Páàtì ni kò sí nílẹ̀. Wọ́n ní ó ń bọ̀ láti òkè òkun. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni bọ́ọ̀sì náà fi jókòó sínú ọgbà wọn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, owó ọ̀sẹ̀ kò sinmi. Nígbà tí wọ́n fi tún ọkọ̀ ṣe tán, ọmọ ẹgbẹ́ wa ti jẹ gbèsè ọ̀sẹ̀ márùn-ún pẹ̀lú owó ìtanràn lórí rẹ̀, àwọn tó ni owó sì ti kọ̀wé sí i pé àwọn ń bọ̀ wá kó ọkọ̀ àwọn.

A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé àṣà náà ni à ń bá wí, kì í ṣe iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n tún jíà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, òótọ́ ni. Ta ni yóò wá tún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣe? Awakọ̀ kì í jẹ jíà. Ohun tí ọkọ̀ bá pa lóòjọ́ ni òun àti ìdílé rẹ̀ ń jẹ, nínú rẹ̀ náà ni owó ọ̀sẹ̀ ti ń jáde.

Nítorí náà, ohun tí ẹ̀ka yìí ń sọ nìyí, a sì fẹ́ kí gbogbo yín dì í mú: gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fi wà lọ́wọ́ oníwáráńtì, kí owó ọ̀sẹ̀ dúró. A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi owó ta wá lọ́rẹ. Bí ọkọ̀ bá lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún kún ìparí àdéhùn. Owó wọn yóò pé, kọ́bọ̀ kan kò ní dín níbẹ̀. Ohun tí a kọ̀ ni kí a máa san owó lórí ohun tí kò sí lọ́wọ́ wa, tí kì í sì í ṣe àwa la bà á jẹ́.

Àwọn kan yóò dáhùn pé ẹni tó yá wa lówó kọ́ ló ṣe ọkọ̀. Pé òun náà ní báńkì tó ń dúró dè é. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, a kò sì fẹ́ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ta ló yan ọkọ̀ náà? Ta ló lọ bá iléeṣẹ́ dúnàá-dúrà, tó ra ogún tàbí ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Olówó ni. Òun ló lágbára láti sọ fún ẹni tó ń tà á pé, "Kó páàtì sílẹ̀ kí n tó rà á lọ́wọ́ rẹ." Awakọ̀ kan ṣoṣo kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Bí ìdádúró bá dun olówó náà díẹ̀, yóò wá ẹni tó ń tètè tún ọkọ̀ ṣe. Bí kò bá dùn ún rárá, ọkọ̀ wa yóò máa jókòó sínú ọgbà lọ.

Ohun kejì tí ó yẹ kí ojú wa là sí ni ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ìwé wáráńtì máa ń sọ pé "ọdún 3 tàbí 100,000 kìlómítà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé." Ọdún mẹ́ta máa ń dùn létí. Fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ tó sì ń fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ọdún mẹ́ta náà ni lóòótọ́. Ẹ wá ṣe ìṣirò ti ọkọ̀ èrò. Bí ó bá ń rin 200 kìlómítà lóòjọ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, 5,200 kìlómítà nìyẹn lóṣù kan. 100,000 kìlómítà yóò pé láàrin nǹkan bí oṣù 19. Bí ó bá jẹ́ pé ọdún mẹ́ta ni a ó fi san owó ọkọ̀, a jẹ́ pé nǹkan bí oṣù 17 ni a ó fi máa sanwó lórí ọkọ̀ tí kò ní wáráńtì mọ́. Ẹ béèrè, kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, bóyá ìwé náà tiẹ̀ ka ọkọ̀ èrò kún, nítorí àwọn wáráńtì kan wà tó yọ ọ́ kúrò, tàbí tó dín àkókò rẹ̀ kù.

Ẹ̀yin ará, òfin kò fi wá sílẹ̀ pátápátá. Òfin háyà-pọ́ṣéèsì tí wọ́n ṣe ní 1965 ṣì wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì kan ọkọ̀ láìka iye tó jẹ́ sí. Ó ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ kọ iye tí a ó rà á bí a bá fẹ́ san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sílẹ̀ fún wa kí a tó ṣe àdéhùn. Ó ní kí ìwé àdéhùn sọ àpapọ̀ owó tí a ó san, iye tí a ó máa san lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí a ó máa san án, kí wọ́n sì fún wa ní ẹ̀dà tiwa láàrin ọjọ́ 14. Ó tún sọ pé bí a bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó ọkọ̀, ẹni tó ni ín kò gbọdọ̀ gbà á padà fúnra rẹ̀ láìgba kóòtù kọjá. Bí àpapọ̀ owó ọkọ̀ bá jẹ́ ₦6,000,000, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún rẹ̀ ni ₦3,600,000. Bí ó bá fi tipátipá gbà á lẹ́yìn ìyẹn, àdéhùn ti parí, a sì lè pè é lẹ́jọ́ kí ó dá gbogbo owó tí a ti san padà.

Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ògiri òfin yìí lanu níbì kan. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀, tí ìgbà ìsanwó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá ti kọjá tí a kò san, òfin kan náà fún ẹni tó ni ín láyè láti wọ́ ọ lọ sí ọgbà tirẹ̀, kí ó máa ṣọ́ ọ títí kóòtù yóò fi dá ẹjọ́. Ẹ wo bí ó ti rí: owó ọ̀sẹ̀ ni à ń san, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sì ju mẹ́ta lọ. Ó túmọ̀ sí pé awakọ̀ lè san ju ìdajì lọ, kó má ṣe ìwà àìdáa kankan, kí ìdádúró wáráńtì nìkan sì sọ ọ́ di ajigbèsè tí wọ́n lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí tí a fi ń sọ pé kí owó ọ̀sẹ̀ dúró nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá wà nínú ìwé àdéhùn, ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ fi wà lọ́wọ́ wọn kò ní di gbèsè.

Ní báyìí, ọkọ̀ oníbátìrì ti ń kan ilẹ̀kùn. Kò yà wá lẹ́nu. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 29, 2023, lítà bẹntiróòlù kan kò tó ₦200 ní ilé epo. Nígbà tó fi di October 2024, ó ti tó ₦1,000. Iná mànàmáná náà kò dúró sójú kan: ní April 2024, àwọn tí wọ́n fi sí ìpele Band A bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦225 lórí yúníìtì kan. Síbẹ̀, ní iye owó ọdún 2024 yẹn, bí ọkọ̀ kékeré kan bá ń jẹ epo lítà 8 ní 100 kìlómítà, ₦8,000 nìyẹn. Bí ọkọ̀ oníbátìrì tó tó bẹ́ẹ̀ bá jẹ yúníìtì 18, ₦4,050 ni. Èrè wà níbẹ̀ fún ẹni tí iná rẹ̀ dúró. Ẹni tí yóò fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí bátìrì, epo náà ló tún padà lọ rà.

A kò lòdì sí ọkọ̀ oníbátìrì. Kò sí èéfín, kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, àwọn ohun tó ń yí nínú rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì ni ẹ̀mí rẹ̀, òun náà ló sì wọ́n jù nínú gbogbo páàtì rẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ tí irú ọkọ̀ yìí ti wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń ṣe wáráńtì bátìrì fún ọdún 8 tàbí 160,000 kìlómítà, wọ́n sì máa ń ṣe ìlérí pé agbára rẹ̀ kò ní wálẹ̀ ju 70 nínú 100 lọ láàrin àkókò náà. Ẹ tún ṣe ìṣirò wa tòkè yẹn: ní 5,200 kìlómítà lóṣù, 160,000 yóò pé ní nǹkan bí oṣù 31. Ọdún mẹ́jọ ti di ọdún méjì àti ààbọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀. Ooru púpọ̀ sì máa ń mú kí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ tètè gbó. Ẹ sì mọ bí oòrùn ilẹ̀ wa ti ń mú tó.

Ẹ rántí ìgbà tí iléeṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ìjàpá pọ̀ ní 1975. Ọkọ̀ náà rọrùn láti tún ṣe, mẹkáníìkì abẹ́ igi mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, páàtì rẹ̀ sì wà káàkiri. Ọkọ̀ oníbátìrì kò tíì débẹ̀. Bí ẹni kan ṣoṣo nínú ìlú bá ló lè tún un ṣe, a jẹ́ pé ọwọ́ ẹni yẹn ni oúnjẹ wa wà. Ìyẹn ló fi yẹ kí àdéhùn tiwa le ju ti ọkọ̀ elépo lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀ nípasẹ̀ kọ̀pẹ́rétíìfù iléeṣẹ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018, tí Ààrẹ bu ọwọ́ lù ní January 2019, ní kí ẹni tó ń ta ohun tí a ti lò rí sọ ọ́ gbangba pé a ti lò ó, kí ó sì fún ẹni tó rà á ní rìsíìtì. Àjọ FCCPC ni a ń mú ẹjọ́ irú èyí lọ bá. Ẹni tí kò gba rìsíìtì kò ní ohun tí yóò fi hàn wọ́n.

Àwa náà ní ojúṣe tiwa. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà nígbà tí ìwé ọkọ̀ bá ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Ẹ má di ẹrù tàbí èrò kọjá ìwọ̀n. Kì í ṣe pé a fojú tín-ín-rín mẹkáníìkì wa, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ohun tó wà lábẹ́ wáráńtì, àwáwí lẹ ń fún wọn. Bí ẹ bá fẹ́ yí ọkọ̀ padà sí gáàsì CNG, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó tà á pé kò ní ba wáráńtì jẹ́. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé ọkọ̀ wọlé fún wọn, ẹ gba ìwé tó ní déètì, iye kìlómítà àti ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Láìsí ìwé yẹn, kò sí bí a ó ṣe ka ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ fi dúró.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè pé kí wọ́n kọ sínú àdéhùn, kí wọ́n má fi ẹnu sọ ọ́ lásán: pé owó ọ̀sẹ̀ yóò dúró nígbà tí ọkọ̀ bá wà lọ́wọ́ oníwáráńtì, pé wáráńtì náà ka ọkọ̀ èrò kún, pẹ̀lú iye kìlómítà tó bá iṣẹ́ wa mu, àti iye ọjọ́ tí wọn kò gbọdọ̀ kọjá kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹnì kan tó bá dá a béèrè, wọn yóò ní kó lọ, ẹlòmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí gbogbo wa bá jọ béèrè rẹ̀, kò sí ẹlòmíràn lẹ́yìn mọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ má tọwọ́ bọ̀wé lójú ọ̀nà, ẹ má sì tọwọ́ bọ ìwé tí ẹ kò kà. Ẹ gbé e wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka kí a jọ kà á. Ẹni tí kò mọ̀wé kò gbọdọ̀ tijú láti wá. Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a fi ní ẹgbẹ́.