Okùn Tó Lágbára Ju Ẹ̀rọ Lọ

Ṣàṣà ni ilé ìtajà ohun èlò ìpẹja ní Amẹ́ríkà tí ẹ̀rọ spincast kì í sí lórí àtẹ rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ọ̀pá ìwọ̀ ni. Ìdérí bò ó lójú, ihò kan ṣoṣo ni okùn ń gbà jáde níwájú rẹ̀, bọ́tìnì kan sì wà lẹ́yìn tí àtàǹpàkò ń tẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ju ìwọ̀ á tẹ bọ́tìnì náà mọ́lẹ̀, á gbé ọ̀pá sẹ́yìn, á fì í síwájú, á tú àtàǹpàkò sílẹ̀, ìwọ̀ ti balẹ̀ sódò nìyẹn. Ọmọdé lè mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sán kan. Abájọ tó fi jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ òbí níbẹ̀ kọ́kọ́ ń fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Okùn náílọ́ọ̀nù ló sábà máa ń bá ẹ̀rọ yìí wá láti ilé iṣẹ́, okùn ẹlẹ́yọ kan tó mọ́ gaara, irú èyí tí àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ń lò. Àwọn kan wà tí èyí kì í tẹ́ lọ́rùn. Kí ọ̀pá náà tó fojú kan omi rárá ni wọ́n ti tú náílọ́ọ̀nù dànù, tí wọ́n fi okùn híhun rọ́pò rẹ̀, torí wọ́n gbọ́ pé kì í já bọ̀rọ̀. Lóòótọ́ ni, kì í já bọ̀rọ̀. Àmọ́ ìnákúnàá ni fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn mìíràn sì ń fi owó wọn ra wàhálà.

Okùn kì í gùn títí kó má níbi tí wọ́n ti fà á wá. R.D. Hull, ọmọ Texas kan tó ń tún aago ṣe, ló gbé ètò ẹ̀rọ kan lọ bá Zero Hour Bomb Company nílùú Tulsa, ìpínlẹ̀ Oklahoma, lọ́dún 1947. Bọ́ǹbù ni ilé iṣẹ́ yẹn ń ṣe, irú èyí tí àwọn awa-epo ń sọ sínú kànga epo. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé inú ìsọ̀ oúnjẹ ni Hull ti rí ọgbọ́n náà. Ó rí òṣìṣẹ́ kan tó ń fa okùn tó fi ń di ẹrù oníbàárà: kẹ̀kẹ́ okùn dúró sójú kan, okùn ń yọ́ kúrò lórí rẹ̀, kẹ̀kẹ́ kò sì yí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1949 ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ jáde. Zebco 33, èyí tó lókìkí jù, tẹ̀ lé e lọ́dún 1954. Nígbà tó di 1956, wọ́n gé orúkọ ilé iṣẹ́ náà kúrú sí Zebco, orúkọ bọ́ǹbù ṣáà kò yẹ ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ìpẹja.

Ọdún 1938 ni ilé iṣẹ́ DuPont ti kéde náílọ́ọ̀nù. Ó ti wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ Hull tó dé, òun sì ni ẹ̀rọ náà bá dọ́rẹ̀ẹ́. Títí di òní, náílọ́ọ̀nù tó lè gbé pọ́ùn 10 ni wọ́n ń wé sínú Zebco 33 kí wọ́n tó kó o lọ sọ́jà.

Okùn híhun tòde òní kò sí láyé nígbà náà. Àwọn apẹja àtijọ́ máa ń hun ṣẹ́dà àti ọ̀gbọ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n ń tà lónìí ti inú iṣẹ́ tí Paul Smith àti Piet Lemstra ṣe ní ilé iṣẹ́ DSM nílẹ̀ Netherlands jáde, ní ìparí àwọn ọdún 1970. Polyethylene ni, ẹbí kan náà pẹ̀lú ọ̀rá tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi ń pọ́n ẹ̀pà, àfi pé bí wọ́n ṣe fa fọ́nrán rẹ̀ mú kó lágbára ju irin tí ìwúwo wọn dọ́gba lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ló tó dé ọwọ́ àwọn apẹja. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an: okùn PowerPro tó lè gbé pọ́ùn 30 kò nípọn ju mìlímítà 0.28 lọ, bẹ́ẹ̀ náílọ́ọ̀nù tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ju bíi pọ́ùn 8 sí 10 lọ.

Ta ni irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò ní wù?

Abẹ́ ìdérí ẹ̀rọ ni ẹjọ́ wà. Bí ẹni tó ń pẹja bá ti ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ, ìkọ́ kékeré kan á yọ lára orí tó ń yí nínú rẹ̀, á gbá okùn mú, á máa wé e mọ́ kẹ̀kẹ́. Lórí ìkọ́ yìí ni okùn ti ń yà bàrá, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo ìjàkadì ẹja ń dà lé. Náílọ́ọ̀nù ń yọ̀ kọjá níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Okùn híhun tẹ́ẹ́rẹ́ ní tirẹ̀, ara rẹ̀ kò sì dán, ó ń rẹ́ ìkọ́ náà díẹ̀díẹ̀ bí ayùn. Bí ìkọ́ bá jẹ́ irin tí kò le, kò ní pẹ́ tí okùn á fi fa ìlà sí i lára. Ojú ìlà yẹn ló máa wá já okùn olówó ńlá lọ́jọ́ tí ẹja gidi bá gbé e. Àwọn ẹ̀rọ tó dára ní ìkọ́ tí wọ́n fi tánganran líle ṣe, ìyẹn sì ń gbà wọ́n lọ́wọ́ àrùn yìí. Àwọn ẹ̀rọ ọmọdé tí kò wọ́n kì í sábà ní in.

Ìyẹn kọ́ ló ń bí àwọn èèyàn nínú jù o. Náílọ́ọ̀nù ní agídí díẹ̀, ó máa ń ta kúrò lórí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, ìdí sì nìyí tó fi ń jáde geerege. Okùn híhun kò ní agídí kankan. Bó bá ti dẹ̀ díẹ̀, á yọ́ wọ àlàfo tó wà láàárín kẹ̀kẹ́ àti orí tó ń yí, á lọ lọ́ mọ́ ọ̀pá inú ẹ̀rọ. Nítorí ìdérí tó bo gbogbo rẹ̀, ẹni tó ń pẹja kò ní fura títí okùn á fi kọ̀ tí kò jáde mọ́. Á wá jókòó sétí odò, á tú ẹ̀rọ palẹ̀, á máa wá ohun tó fi máa gé e, nítorí ẹnu kò lè já a. Ọ̀rọ̀ bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń dán tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá so okùn híhun mọ́ ọn láìfi nǹkan kan tẹ́ ẹ nídìí, gbogbo okùn náà lè máa yí gbirigbiri lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí ẹja bá ń fà á, bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tó ń wò ó láti òde, ìjánu ẹ̀rọ ló ń tú.

Ọ̀rọ̀ ìjánu yìí ló yẹ kí olúkúlùkù rò kó tó nawó. Inú ẹ̀rọ spincast ni ìjánu wà, òun ló ń jẹ́ kí ẹja alágbára fa okùn jáde kí nǹkan má baà já. Bí ìjánu bá ti tú ní pọ́ùn mélòó kan, agbára yòówù tó kù lára okùn kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe fún ẹni tó rà á. Ìgbà tí ìwọ̀ bá há sábẹ́ igi nínú omi ni agbára náà á tó jáde, eyín inú ẹ̀rọ tàbí orí ọ̀pá ni yóò sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ẹni tó bá ṣèèṣì wé okùn náà mọ́ ọwọ́ kó lè fà á tu, ó lè gé e lọ́wọ́ wọlé. Náílọ́ọ̀nù tún ń na, ìnà yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹja bọ́ nígbà tí ọmọdé bá já ọ̀pá sókè lójijì. Okùn híhun kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ nà rárá, ó lè ya ìwọ̀ kúrò lẹ́nu ẹja.

Ẹja ńlá pàápàá kò fi dandan nílò okùn alágbára. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2008, nílùú Elkin, ìpínlẹ̀ North Carolina, ọkùnrin kan bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin di ọ̀pá ìwọ̀ mú kí ó lè lọ sílé ìyàgbẹ́. Ọ̀pá Barbie aláwọ̀ píǹkì ni, gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀, okùn inú rẹ̀ sì jẹ́ ti pọ́ùn 6. Ẹja kan gbé ìwọ̀. Nígbà tí wọ́n wọn ẹja àrọ̀ náà, pọ́ùn 21 àti ọ́ǹsì 1 ni, ìyẹn kílò mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé títí di ọjọ́ yẹn, òun ló wúwo jù nínú irú rẹ̀ tí wọ́n tíì fi ìwọ̀ mú níbẹ̀. Okùn pọ́ùn 6 gbé ẹja tó ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ, nítorí pé wọn kì í gbé ẹja sókè nínú omi, ńṣe ni wọ́n ń jẹ́ kó sáré títí á fi rẹ̀ ẹ́.

Ibì kan wà tí okùn híhun bá spincast mu dáadáa, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja lọ́fà ni. Wọ́n ń de ẹ̀rọ Zebco 808 mọ́ ọrun, wọ́n á so okùn rẹ̀ mọ́ ọfà, wọ́n á sì máa wá ẹja ńlá lójú omi tí kò jìn. Okùn tiwọn nípọn, kò lè rí àlàfo wọ̀, wọn kì í sì jù ú jìnnà. Wọ́n gbọ́dọ̀ rántí tẹ bọ́tìnì kí wọ́n tó ta ọfà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọfà lè ta padà sí wọn lára. Ohun tó ń ba ẹ̀rọ jẹ́, nígbà náà, kì í ṣe híhun okùn. Títẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹni tó bá takú pé okùn híhun lòun fẹ́ ní láti wo ìkọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ kó tó rà á, kó fi náílọ́ọ̀nù díẹ̀ tẹ́ ìdí kẹ̀kẹ́, kó yan èyí tó nípọn tó náílọ́ọ̀nù tó ń bọ́ kúrò, kó má wo nọ́ńbà pọ́ùn rẹ̀. Kó sì máa wé e pẹ̀lú ìka méjì tó fún un pinpin, kó má baà dẹ̀.

Àwọn Yorùbá tó wà ní Houston àti Dallas tí wọ́n ń ra ọ̀pá àkọ́kọ́ fún ọmọ kò nílò gbogbo ìyẹn. Kí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù sílẹ̀ níbi tó wà, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ti jẹ ẹ́ tó ti ń ká kò. Bó bá di pé ọmọ dàgbà tó sì fẹ́ okùn híhun, kí wọ́n ra ẹ̀rọ tí kò ní ìdérí lójú fún un.